Òkè Ló Dá Ìpè Náà Dúró: Ohun Tí Síìmù Mẹ́ta Kọ́ Ilé Wa Ní Taraba

"Nọ́ńbà tí ẹ pè kò sí ní àrọ́wọ́tó báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un pè nígbà mìíràn." Gbogbo ilé tó bá ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà ló mọ obìnrin tó máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú fóònù. Kì í bínú, kì í kánjú, kì í sì í sọ ibi tí ẹni tí à ń wá wà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ọdún 2024, ìgbà 19 ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé fóònù ń kà á sílẹ̀. Ọmọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù níwájú mi, bàbá rẹ̀ sì ni mò ń pè.

Mo fẹ́ sọ ìtàn alẹ́ yẹn fún yín, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ló wà bíi tèmi: ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Òkè Ọya, tí ọkọ wà ní ìlú kan, tí ìyàwó wà ní ìlú mìíràn, tí àwọn òbí sì wà nílé lọ́hùn-ún. Fóònù ló so wá pọ̀. Ọjọ́ tí okùn yẹn bá já, a kì í tètè mọ̀ bóyá okùn ló já ni tàbí ẹni tó dì í mú ló jù ú sílẹ̀.

Ogbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Jalingo ni wọ́n bí mi sí, nígbà tí Taraba ṣì wà lára ìpínlẹ̀ Gongola, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1991. Mo ní ìsọ̀ kékeré kan nínú ọjà, níbi tí mo ti ń ta òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti àwọn nǹkan tí télọ̀ ń lò. Olùkọ́ ni ọkọ mi. A bí ìbejì, obìnrin méjèèjì, a sì bí Ìdòwú tẹ̀ lé wọn. Ní ọdún 2022 ni wọ́n gbé ọkọ mi lọ sí Gembu, lórí òkè Mambilla. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gbé e síwájú, sí ilé-ẹ̀kọ́ abúlé kan tí ọ̀kadà máa ń rìn fún bíi wákàtí méjì láti Gembu kó tó débẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ yìí ṣe tóbi tó. Fífẹ̀ Taraba lé ní 54,000 kìlómítà níbùú lóròó. Bí ẹ bá kó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn pọ̀ sójú kan, ìgbà yẹn ni ẹ ó ní ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn tó ń gbé inú rẹ̀ kò sún mọ́ iye tó wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta yẹn rárá. Ní ìhà àríwá, odò Benue ń ṣàn lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní gúúsù, níhà ìlà-oòrùn, ilẹ̀ kàn dìde lójijì ni, ó di òkè Mambilla, tí gíga rẹ̀ tó bíi mítà 1,600. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rín. Kóòtù ni àwọn ọmọ iléèwé máa ń wọ̀. Màlúù pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń gbin ewé tíì ní Kakara. Chappal Waddi, òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, tó ga ní mítà 2,419, kò jìnnà síbẹ̀, nínú igbó ọba Gashaka-Gumti. Bí ẹ bá kọjá ẹ̀yìn àwọn òkè yẹn, Cameroon ni.

Nígbà tí ọkọ mi ṣì wà ní Gembu, alaalẹ́ ló ń pè. Yóò bá Táyé sọ̀rọ̀, yóò bá Kẹ́hìndé sọ̀rọ̀, yóò ní kí Ìdòwú ka ìwé sí òun létí. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé abúlé, ìpè di ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀kan. Bí mo bá pè é, obìnrin inú fóònù ló máa dá mi lóhùn. Nígbà mìíràn yóò wọlé, màá gbọ́ "Hẹ́lòó, Ìyá Ìbejì," lẹ́yìn náà yóò dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Ẹ mọ bí ọjà ṣe rí. Obìnrin kan tí ìsọ̀ rẹ̀ súnmọ́ tèmi sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Ìbejì, ọkùnrin tó bá fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀, yóò wá ibi tó ti máa pè é." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Mo mú dáyárì kékeré kan tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi kan sàmì sí gbogbo ọjọ́ tí kò bá pè. Mi ò sọ fún un. Mò ń kó ẹjọ́ jọ ni, mò ń retí ọjọ́ tí màá rò ó.

Alẹ́ tí mò ń sọ yẹn ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Ìdòwú. A kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ ló jẹ ni. Nígbà tó di agogo mẹ́sàn-án, kò lè nàró mọ́, mo gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà tẹ ikùn rẹ̀ ní apá ọ̀tún, ó ní àfikún ìfun rẹ̀ ló wú, pé iṣẹ́ abẹ ni, kò sì gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì. Ó wá béèrè pé, "Màmá, ṣé oògùn kan wà tí ara ọmọ yìí kì í gbà?"

Ó wà. Nígbà tí Ìdòwú wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, mo lọ síbi òkú ní Ogbómọ̀ṣọ́, bàbá rẹ̀ ló gbé e lọ gba ìtọ́jú. Wọ́n fún un ní oògùn kan, ojú rẹ̀ wú, ara rẹ̀ sì súyọ láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tí mo dé, bàbá rẹ̀ dárúkọ oògùn náà fún mi. Mo gbọ́ ọ, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rọ orí mi títí, orúkọ náà kò wá. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, ẹni náà sì wà lẹ́yìn òkè.

Mo pè é títí. Nígbà tí mo rí i pé ìpè kò lọ, mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i: "Bàbá Ìbejì, Ìdòwú wà ní ọsibítù. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un nísinsìnyí. Ẹ jọ̀wọ́, kí lorúkọ oògùn tó mú ojú rẹ̀ wú nígbà yẹn?" Dókítà ní àwọn kò ní lè dúró, pé àwọn yóò lo èyí tí àwọn rò pé kò léwu, àwọn yóò sì máa ṣọ́ ọ. Wọ́n gbé e wọlé. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ká má parọ́, ìdajì àkókò yẹn ni mo fi gbàdúrà, ìdajì tó kù ni mo fi bá ọkọ mi jà nínú ọkàn mi.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, a dúpẹ́. Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 42 láàárọ̀ ni fóònù mi dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Orúkọ oògùn náà ló kọ́kọ́ kọ, lọ́nà méjì kí n má bàa ṣì í kà, ó wá fi "Mo ń bọ̀" kún un. Nọ́ọ̀sì fi bírò pupa kọ ọ́ sára káàdì ọmọ náà. Ó wò mí, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun o. Oògùn tí a fẹ́ yí sí láàárọ̀ yìí, ẹbí kan náà ni wọ́n." Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Mo jókòó.

Ọjọ́ kejì ní ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ mi dé, eruku bò ó láti orí dé bàtà. Mi ò kí i dáadáa. Nígbà tí ọmọ sùn, mo yọ dáyárì mi jáde. Mo ní, "Ọjọ́ mọ́kànlá nínú oṣù kan, Bàbá Ìbejì. Mo kà á." Kò bá mi jiyàn. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kọ iṣẹ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Inú ìwé náà ló ń kọ gbogbo ìpè tó gbìyànjú sí. Ọjọ́, àkókò, ibi tó dúró sí. "Àpáta, 6:10, kò lọ. Àpáta, 6:25, ó lọ, ó já. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, 6:50, kò lọ." Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rárá nínú ilé tó ń gbé. Àpáta kan wà lókè abúlé náà, ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, níbẹ̀ ni gbogbo ará abúlé ti ń wá ohun tí àwọn Hausa ń pè ní "sabis." Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń gun àpáta yẹn, nínú òtútù, lẹ́yìn iṣẹ́. Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ó ní, "Mi ò fẹ́ kó o máa ronú pé mò ń rìn lálẹ́."

Mo gbé dáyárì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí mo fi igi sàmì sí tí kò ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta nínú tirẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni ìwé méjèèjì ń sọ. Èmi kọ ọ́ pé kò pè. Òun kọ ọ́ pé kò lọ.

Níbẹ̀ ni a ti pinnu pé a kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà fún wa mọ́, a ó fi ojú ara wa rí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń kun àwòrán ilẹ̀ ní àwọ̀ láti fi hàn pé àwọn dé ibi gbogbo. Àwòrán yẹn wúlò, ṣùgbọ́n kò mọ yàrá tí ọkọ mi ń sùn, kò sì mọ̀ bóyá òkè kan wà láàárín yàrá náà àti máàsì. Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, gbogbo wa gòkè lọ. Fóònù mẹ́ta la gbé, síìmù ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú wọn: tèmi, ti ọkọ mi, àti èyí tí àwọn ìbejì fi ń ra dátà. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní síìmù Ìyá, síìmù Bàbá àti síìmù Ìbejì.

Òfin wa kò le. Níbikíbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, a ó wo iye ọ̀pá tó wà lókè fóònù, a ó pe ẹ̀gbọ́n mi ní Wukari lẹ́ẹ̀kan, a ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́, a ó sì gbìyànjú láti ṣí íntánẹ́ẹ̀tì. Kẹ́hìndé ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdòwú ló ń kéde rẹ̀ bíi kọ̀ndọ́kítọ̀.

Ní Jalingo, síìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣiṣẹ́, ti Ìbejì ló sì yá jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí a bá kọ́kọ́ wò ó níbẹ̀, à bá ní òun ni ọ̀gá gbogbo wọn. A kọjá Mutum Biyu, a dé Bali. Nínú ìlú méjèèjì kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà tó wà láàárín wọn, síìmù Ìbejì máa ń lọ fún àkókò pípẹ́, ti Bàbá máa ń lọ máa ń bọ̀, ti Ìyá kì í sábà lọ. Nígbà tí a dé Serti, lẹ́sẹ̀ òkè, ti Ìyá àti ti Bàbá dára, ti Ìbejì kò lè ṣí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ní Mayo Selbe, ti Ìyá nìkan ló kù. Inú mi dùn, mo ń fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé síìmù mi ló mọ ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹni tó bá ti gun òkè Mambilla mọ kọ́nà ibẹ̀: ọkọ̀ yóò yí sọ́tùn-ún, yóò yí sósì, ẹ ó máa wo orí igi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìdòwú ti rẹ́rìn-ín títí. Bí a bá yí sí kọ́nà tó kọjú sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ìsàlẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á padà wá, fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá yí sẹ́yìn òkè, gbogbo rẹ̀ á kú. "Ó ti dé! Ó ti lọ! Ó ti dé!" ni ọmọ náà ń pariwo, gbogbo ọkọ̀ sì ń bá a rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín tó wọn. Mo ń ronú nípa gbogbo ìpè tó já mọ́ mi létí.

Nígbà tí a dé orí òkè, ní Nguroje, ètò náà yí padà. Síìmù mi tí mo ti ń fọ́nnu lé lórí kò ní ju ọ̀pá kan lọ, ti Bàbá ló wá kún dẹ́dẹ́. Ní Gembu, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n lálẹ́ méjì nínú mẹ́ta tí a sùn níbẹ̀, síìmù Ìyá kú láti bíi agogo mẹ́wàá títí di àárọ̀. Nínú abúlé ọkọ mi, kò sí ọ̀kankan nínú ilé. Lórí àpáta, ti Bàbá nìkan ló ń lọ, ó sì dáa jù láàárọ̀ kùtù. Bí a bá sì lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ẹnubodè, fóònù á dún pé a ti wọ Cameroon, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ wa kò kúrò ní Nàìjíríà. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ọ̀hún ló fa fóònù mọ́ra, ìṣẹ́jú kan níbẹ̀ sì lè jẹ owó tí a rò pé yóò tó wa lọ́sẹ̀ kan.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, a gba Wukari lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ní ilé tirẹ̀, síìmù Ìbejì tó kọ́kọ́ kú lójú ọ̀nà òkè ló dára ju àwọn tó kù lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan. Bí mo bá sọ fún yín pé "èyí ló dára jù ní Taraba," irọ́ ni mo pa fún ẹni tó wà ní ìhà kejì. Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó dára jù ní ìpínlẹ̀ wa. Èyí tó dára níbi tí èèyàn rẹ dúró sí ló wà.

Kí ló fà á? Mégádì tó ń ṣọ́ máàsì kan ní Gembu ló kọ́kọ́ là mí lóye. Ó nawọ́ sí àwọn nǹkan róbótó bí ìlù tó wà lára máàsì náà. Ó ní máàsì kì í dá sọ̀rọ̀. Èyí tó wà lórí òkè ń ju ọ̀rọ̀ sí èkejì tó ń rí lójúkorojú, ìyẹn á jù ú sí ẹ̀kẹta, títí yóò fi dé ìlú ńlá. Bí ọ̀kan bá kú láàárín, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ya odi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná wà lára tiwọn. Ó tún ní dísẹ́ẹ̀lì ló ń gbé wọn. Tí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́, tí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kò bá gòkè dé, máàsì á sùn. Mo rántí alẹ́ méjì tí síìmù mi kú.

Ọkọ mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, fi tirẹ̀ kún un. Ìgbì rédíò tí fóònù ń lò kì í fẹ́ràn òkè. Ó fẹ́ràn kó máa lọ tààrà. Kódà níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́, 2G, ètò àtijọ́ tí a fi ń pe ara wa, kì í sábà ju kìlómítà 35 lọ sí máàsì rẹ̀. Ìgbì tí 3G àti 4G sábà máa ń lò kì í tilẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí íntánẹ́ẹ̀tì fi máa ń kọ́kọ́ lọ, kí ìpè tó lọ, kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó lọ gbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Nígbà tí fóònù alágbèéká tó kárí wa yìí bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2001, àwọn ìlú ńlá ni wọ́n fi ṣáájú, torí ibẹ̀ ni èèyàn pọ̀ sí. Máàsì kan ní Èkó lè máa gbọ́ ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Èyí tó wà lórí òkè ní ẹgbẹ́ abúlé mẹ́ta àti agbo màlúù, bẹ́ẹ̀ dísẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ ló tún wọ́n jù. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 fi àyè sílẹ̀ fún àpò owó pàtàkì kan tí a ó máa fi gbé iṣẹ́ yìí dé ibi tí èrè kò bá mú un débẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ará abúlé mọ̀ pé àpò náà wà, kí àwọn olórí wọn sì máa béèrè. Ẹni tó wà lórí àpáta kì í ṣe alágbe. Òun náà ń ra káàdì.

Ṣùgbọ́n kí máàsì tó dé, ilé gbọ́dọ̀ ṣètò ara rẹ̀. Ohun tí a ń ṣe nílé wa nìyí, bóyá yóò wúlò fún yín.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé síìmù méjì ni kálukú wa ń lò, ti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a sì ń wo ibi tí a ń gbé àti ibi tí ọkọ mi ń gbé ká tó rà á. Ìyá ọkọ mi ní Ogbómọ̀ṣọ́ kò fẹ́ kí nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ tó ti há sórí yí padà. Ẹ rántí pé láti ọdún 2013 ni òfin ti gbà pé èèyàn lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn láìpààrọ̀ rẹ̀. Kò sí pé à ń da ìyá àgbà láàmú.

Èkejì, àtẹ̀jíṣẹ́ la fi ń ṣáájú tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú. Ìpè tí kò bá lọ ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń dúró de fóònù títí yóò fi wọlé, ó lè jẹ́ wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà. Òun ló gba Ìdòwú sílẹ̀. A sì máa ń kọ ọjọ́ àti àkókò sínú rẹ̀, kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́.

Ẹ̀kẹta, a ní àdéhùn. Ọjọ́rú àti ọjọ́ Àìkú, agogo mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi á wà lórí àpáta, èmi náà á sì jókòó ti fóònù mi. Kò tún gun àpáta lójoojúmọ́ mọ́. Ní ọjọ́ yòókù, bí a kò bá gbọ́ra wa, kò sí ẹni tó ṣẹ ẹnì kejì rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, a wá ilẹ̀kùn mìíràn. Mo ní nọ́ńbà ọ̀gá iléèwé rẹ̀, ti obìnrin tó ń ta tíì ní gáréèjì Gembu, àti ti awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà náà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, awakọ̀ lè gbé ìwé, obìnrin oní-tíì lè fi rán ọlọ́kadà. Báyìí ni àwọn bàbá wa ṣe ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ kí fóònù tó dé, kò sì tíì di ohun ìgbàgbé.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀kọ́ ọsibítù ni. A kọ orúkọ oògùn tí ara ọmọ kò gbà, irú ẹ̀jẹ̀ kálukú, àti àwọn nọ́ńbà pàtàkì sínú ìwé. Ọ̀kan wà lára ògiri nílé, ọ̀kan wà nínú àpò mi, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ bàbá wọn. Ohun tí ẹ̀mí ọmọ bá so mọ́, ẹ má fi sí orí ẹnì kan ṣoṣo, ẹ má sì fi sínú fóònù nìkan.

Àwọn kékeré mìíràn tún wà. Bí a bá wà nítòsí ẹnubodè, a máa ń pa ètò tó ń jẹ́ kí fóònù bọ́ sórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilẹ̀ mìíràn. Níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò bá sí rárá, ọkọ mi máa ń pa fóònù rẹ̀, torí wíwá tí ó ń wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kiri ló ń jẹ bátìrì. Bí ìpè nìkan la bá sì nílò, a máa ń yí fóònù sí 2G.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ọkọ mi pè mí láti Ogbómọ̀ṣọ́. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé o ti gbọ́ ohùn ọmọ mi? Mo pè é títí, obìnrin yẹn ló ń dá mi lóhùn." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi. Ọjọ́ Ajé lòní. Yóò di Ọjọ́rú kó tó gun òkè."

Nígbà tí Ọjọ́rú dé, òjò ń rọ̀ lórí òkè. Ó pè ní agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 34, a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi kí..." ìpè sì já. Tẹ́lẹ̀, igi kan ni ìyẹn ì bá jẹ́ nínú dáyárì mi. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ se oúnjẹ. Agogo mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: "...Màámi, àti Ìdòwú. Òjò ló já a. 6:41, àpáta." Dáyárì mi ti padà sí ìwé gbèsè àwọn oníbàárà. Ìwé tirẹ̀ ló ṣì ń kọ, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì la jọ ń kà á báyìí.